Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Wọ́n Dí Bíréèkì Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Yín O

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ọkọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá sì ń sọ pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì nígbà tí òun kò ní mọ́tò, kí onítọ̀hún rántí pé bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, inú mọ́tò ẹlòmíràn ni òun náà yóò jókòó sí tí yóò fi délé.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní àdúgbò wa ní Kamazou níbí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, aládùúgbò mi kan ti Àbújá dé. Ó ku ọ̀la kó rin ìrìn àjò yẹn ni wọ́n pààrọ̀ pádì iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, ó na ọwọ́ síbẹ̀, kíá ló fà á padà. Ó lọ sẹ́yìn, ó tún na ọwọ́ sí i, kò gbọ́ ooru tó tó nǹkan. Ló bá figbe ta pé mẹkáníìkì ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan o! Iwájú ń jó bí iná, ẹ̀yìn tutù!" Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn pé lé e lórí. Ẹnì kan ní pádì tuntun náà ló nípọn jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun mọ ẹni tó máa bá a dẹ iwájú náà kó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan iwájú yẹn, pé ẹ̀yìn gan-an ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Àfi bí ẹni pé mo bú wọn! Àríyànjiyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo wá rí i pé kì í ṣe aládùúgbò mi nìkan ni kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣàlàyé. Nínú àwọn mọ́tò kéékèèké àti bọ́ọ̀sì tí a ń gùn, kí bíréèkì iwájú gbóná ju tẹ̀yìn lọ kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yìn tutù pátápátá lẹ́yìn ìrìn àjò, bíi pé ọkọ̀ náà kò kúrò nílé, ewu ńlá nìyẹn. Èyí tó sì burú jù lọ ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dí bíréèkì ẹ̀yìn pa, àṣà kan tó ti wọ́pọ̀ láàárín wa. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí, díẹ̀ ló sì kù kí n fi pa ìdílé mi. N óò dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Kí ni bíréèkì ń ṣe gan-an? Eré tí ọkọ̀ ń sá, agbára ni. Agbára yẹn kò sì lè ṣàdédé pòórá. Bí ọkọ̀ bá máa dúró, agbára náà gbọ́dọ̀ di nǹkan mìíràn, ohun tí bíréèkì sì ń sọ ọ́ dà ni ooru. Ẹni tó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn láàárọ̀ ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Pádì á fún dísìkì mọ́ àárín, tàbí kí lining fẹ̀ mọ́ inú dírọ́ọ̀mù, wọ́n á máa ra ara wọn, bí eré ṣe ń dín kù ni ooru ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ sí i kó lè yé wa. Bí ọkọ̀ kan bá wọn 1,500 kílò, tó ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ fi dúró, ooru tó jáde níbẹ̀ tó láti mú omi tútù bíi lítà 2 hó. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó tẹ bíréèkì nìyẹn o. Bọ́ọ̀sì tó ru èrò àti ẹrù títí tó fi wọn 3,000 kílò, tirẹ̀ á mú omi bíi lítà 4 hó. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ẹni tó fi bíréèkì dúró láti orí eré 100 ti dá ooru ìlọ́po mẹ́rin ẹni tó dúró láti orí eré 50. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí bọ́ọ̀sì má ṣe kọjá 90 ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, kí àwọn tírélà àti tańkà má sì kọjá 60. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ló yẹ kí eré kéré tó.

Ó dára. A ti mọ̀ pé ooru gbọ́dọ̀ wà. Kí ló wá dé tí iwájú ń gba èyí tó pọ̀ jù? Ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà èwe, ẹ ó rántí pé bí a bá fún bíréèkì iwájú lójijì, ìdí kẹ̀kẹ́ á gbé sókè, á sì fẹ́ dà wá nù síwájú. Nínú bọ́ọ̀sì náà, bí dẹ̀rẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò ló ń já síwájú, omi inú garawa á dà síwájú, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á yọ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń sún síwájú. Imú ọkọ̀ á wólẹ̀, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tún mú ọkọ̀ 1,500 kílò yẹn. Ká ní nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, 825 kílò wà lórí táyà iwájú, 675 wà lórí tẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì dáadáa, nǹkan bíi 200 kílò á sún kúrò lẹ́yìn lọ síwájú. Iwájú á wá ru ohun tó lé ní 1,000 kílò, ti ẹ̀yìn kò ní tó 500 mọ́. Táyà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ló ń di ojú ọ̀nà mú, èyí tó fúyẹ́ kì í di ọ̀nà mú. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí bíréèkì ní láti ṣe, ọwọ́ iwájú ni bíi méje wà. Ẹni tó ṣe méje nínú mẹ́wàá, ṣé kò yẹ kó làágùn ju ẹni tó ṣe mẹ́ta lọ ni?

Ẹlòmíràn á ní, ṣé wọn ò lè fún ẹ̀yìn náà lágbára kó bá tiwájú dọ́gba ni? Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n ikú ni yóò bá a wá. Bí bíréèkì ẹ̀yìn bá le jù fún táyà tó ti fúyẹ́, táyà náà á kàn gan ni, á máa yọ̀ lórí ọ̀dà. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ń yọ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ kọjá imú rẹ̀. Ẹ ti rí ọkọ̀ tó yí po lójú òjò, tó wá kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bó bá jẹ́ táyà iwájú ló kọ́kọ́ gan, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ti ìdarí mọ́, àmọ́ iwájú náà ni yóò ṣì máa lọ. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wá wo méjèèjì, wọ́n rí i pé ó sàn kí iwájú ṣe iṣẹ́ púpọ̀, kí wọ́n sì dín agbára tó ń lọ sẹ́yìn kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń pín in. Inú àwọn kan lára wọn tilẹ̀ wà tí pádì ẹ̀yìn máa ń tètè jẹ ju tiwájú lọ nítorí bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tírélà àti tańkà tí a ń rí lójú ọ̀nà Kachia yàtọ̀, nítorí pé orí táyà ẹ̀yìn ni ẹrù wọn pọ̀ sí, ẹ̀yìn tiwọn náà a sì máa gbóná gan-an. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kékeré àti bọ́ọ̀sì akérò ni mò ń sọ níbí.

Nítorí pé iwájú ló ń gbóná jù, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi dísìkì sí, wọ́n á sì fi dírọ́ọ̀mù sẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Dísìkì dà bí àwo tí a gbé kalẹ̀ sí gbangba, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lọ́tùn-ún lósì. Dírọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tí a dé, ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Bí dírọ́ọ̀mù bá sì gbóná jù, ṣe ló máa ń fẹ̀, á sún kúrò lára lining, ẹsẹ̀ awakọ̀ á wá máa wọlẹ̀ sí i kí bíréèkì tó mú. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa ará Kàdúná. Ṣebí ní Kakuri níbí ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. 504 station wagon tí a fi ń kó ènìyàn àti ẹrù káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, dísìkì ló wà níwájú rẹ̀, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn.

Ibi tí ewu gan-an wà ló kù yìí. Nínú ìrìn ojoojúmọ́ láàárín ìlú, ooru dísìkì iwájú lè wà láàárín 100°C sí 200°C, kò sì sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tó ru ẹrù bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì tí kò gbé e kúrò, ó lè kọjá 400°C. Ooru náà á gba ara pádì wọ inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yìí náà sì máa ń hó bí omi. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Àmọ́ ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Bó bá ti mu omi tán, DOT 3 lè hó ní 140°C, DOT 4 ní 155°C. Bó bá sì ti hó, ategùn á wà nínú páìpù. Ategùn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ti nǹkan, ṣe ló máa ń fún pọ̀. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín á lọ sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni. Mo ní 504 station wagon kan nígbà náà, a fẹ́ lọ ṣọdún nílé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan ká gbéra, mẹkáníìkì tú táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún, ó rí i pé sìlíńdà kékeré tó ń ti lining ń jo, ọ́ìlì sì ti rin lining náà. Ó ní kí n ra sìlíńdà àti lining tuntun. Mo ro owó tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ra ẹ̀wà, mo ti ra àlùbọ́sà, mo ti ra aṣọ ọdún. Mo bi í pé ṣé kò sí ọgbọ́n tó lè dá sí i ká fi lọ ká fi bọ̀. Ó ní òun lè dí páìpù tó ń lọ sẹ́yìn kí ọ́ìlì má baà jò mọ́, pé iwájú nìkan á gbé e. Mo gbà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní dá mẹkáníìkì yẹn lẹ́bi, nítorí pé ohun tó tọ́ ló kọ́kọ́ sọ, èmi tí mo ni ọkọ̀ ni mo ní kó wá ọgbọ́n. Ó fi òòlù lu páìpù náà pẹlẹbẹ. A wà á láti Kamazou dé Sabon Tasha, a padà, bíréèkì mú. Inú mi dùn pé mo ti fi owó pamọ́.

A jẹ́ méje nínú ọkọ̀, ẹrù sì wà lórí rẹ̀. A gba Àbújá, a gba Lọ́kọ́ja, a já sí Èkìtì. Ní gbogbo ojú ọ̀nà tó tẹ́jú yẹn, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tí a kọjá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìgbà tí aṣọ bá ń jó. Mo rò pé ọkọ̀ iwájú wa ni. Lẹ́yìn náà, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo tún un tẹ̀, ó lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó dáhùn. Ìyàwó mi wo ojú mi, kò bi mí léèrè kankan, ó kàn fa ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́ra ni. Mo já jíà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo já a sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì ń ké. Mo fa bíréèkì ọwọ́. Apá ọ̀tún tí ọ́ìlì ti rin kò mú rárá, tòsì nìkan ló mú, ọkọ̀ fẹ́ yà bàrá. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹ̀bá òkè tí koríko wà ni mo darí rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló dúró sí.

Kò sí ẹni tó fara pa. A sọ̀kalẹ̀, èéfín ń jáde lára táyà iwájú méjèèjì. Ọmọ mi ọkùnrin lọ sẹ́yìn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin táyà apá ọ̀tún, ó ní, "Bàbá, eléyìí ò gbóná rárá." Mi ò lè gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ọkọ̀ tó rìn láti Kàdúná dé Ẹ̀fọ̀n, táyà rẹ̀ kan tutù bí omi àmù! Iwájú ti ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ ẹni tí mo dí lọ́nà, títí tí ẹ̀mí rẹ̀ fi fẹ́ bọ́. Ó lé ní wákàtí kan tí a fi jókòó síbẹ̀ kí ọ́ìlì tó tutù, kí bíréèkì tó padà wá. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọkọ̀, kì í ṣe ti òkè, kì í sì í ṣe ti ayé. Ẹ̀bi mi ni.

Àwọn kan á ṣì máa sọ pé, "Ṣebí ìwọ náà ló sọ pé iwájú ló ń ṣe méje nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ò wá ṣe pàtàkì nìyẹn." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá gba mẹ́ta ti ẹ̀yìn lé iwájú lọ́wọ́, iṣẹ́ méje di mẹ́wàá. Ooru iwájú ti fi ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Bí èrò bá kún ẹ̀yìn, tí ẹrù kún búùtù, táyà ẹ̀yìn á di ọ̀nà mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì lè ṣe ju iṣẹ́ mẹ́ta lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a ń lọ sílé gan-an, ọjọ́ tí ẹrù pọ̀ jù, ni bíréèkì ẹ̀yìn wúlò jù. Ọjọ́ náà ni a sì máa ń dí i! Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Àwọn mìíràn á ní kò sówó. Mo mọ̀ pé nǹkan le. Mi ò kọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àìsówó ló sún èmi náà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó sìlíńdà kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró sílé, kí a wọ ọkọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ènìyàn mẹ́wàá fẹ́ wọ̀ ni, kí onímọ́tò sọ òtítọ́ fún wọn, kí wọ́n dá owó náà jọ. Kò sí ẹni tí kò ní fẹ́ dá a bó bá mọ̀ pé ẹ̀mí òun ni.

Àwọn kan á tún ní ìgbà wo ni àwọn bàbá wa ti ń yẹ gbogbo èyí wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wọn jẹ́ tuntun ju tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń gùn ti di àgbà nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìgbà tí àìsí ààbò ti dé bá ọ̀nà Birnin Gwari, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba Àbújá àti Lọ́kọ́ja, tí àwọn kan sì ń gba àárín òkè Òkénè tàbí ti Èkìtì kọjá. Ọ̀nà wa ti yí padà, ó yẹ kí ìmúra wa náà yí padà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbogbo ní Kàdúná nìyí. Kẹ́ ẹ tó san owó bọ́ọ̀sì tó máa kó yín lọ sílé fún ọdún, kó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú aṣojú ẹgbẹ́. Kí wọ́n ṣí dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, kí wọ́n wò bóyá lining ṣì nípọn, bóyá sìlíńdà ń jo, bóyá ẹnì kan ti dí páìpù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń gbìyànjú, wọ́n á wo táyà, wọ́n á wo iná, wọ́n á wo ìwé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa tú dírọ́ọ̀mù lẹ́bàá ọ̀nà? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì. Ẹ ra èyí tí ìwé ọkọ̀ yín sọ, kẹ́ ẹ sì ra agolo tí wọn kò tíì ṣí rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì bu ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sí i o, ṣe ló máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ bíi kìlómítà 10 sí 15, ẹ dúró síbi tó léwu díẹ̀ jù, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀ ni pé kí iwájú gbóná, kí ẹ̀yìn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Bí iwájú kan bá ń jó tí èkejì tutù, pádì kan ti há nìyẹn. Bí ẹ̀yìn bá gbóná ju iwájú lọ, ẹ wo bíréèkì ọwọ́ bóyá kò tú tán. Bí ẹ̀yìn bá tutù pátápátá, ẹ má ṣe lọ síbì kankan, ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti ka ooru rẹ̀, ó fara jọ èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà ní 2020, àmọ́ tiwọn lè ka ooru tó pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ní in, kó lò ó.

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá dé orí òkè, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti já jíà sí kékeré, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tú u, kó lè rí àyè mí. Ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e títí dé ìsàlẹ̀. Bó bá sì gbóná jù, ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ má ṣe da omi sí i, irin gbígbóná tí omi tútù bá kàn lójijì lè sán.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó jẹ́ mẹkáníìkì, mo mọ̀ pé àwa oníbàárà ni a máa ń sọ pé, "Ṣe ọgbọ́n sí i." Láti òní lọ, bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa bíréèkì, ẹ kọ̀ fún wa. Bí a bá bínú lọ, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó sàn kẹ́ ẹ pàdánù owó iṣẹ́ kan ju pé kẹ́ ẹ gbọ́ ìròyìn wa lójú ọ̀nà lọ.

Aládùúgbò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n bá a níbẹ̀ pé irin tó ń sún lining mọ́ dírọ́ọ̀mù ti dípẹtà, lining kò dé ara dírọ́ọ̀mù dáadáa mọ́. Wọ́n tún un ṣe. Pádì iwájú tó fẹ́ kí wọ́n dẹ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó tún ti Àbújá dé, ó pè mí síta, a jọ na ọwọ́ sí i. Iwájú gbóná, ẹ̀yìn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi báyìí."

Mo gbà á ládùúrà pé gbogbo wa ni yóò lọ re, tí yóò sì bọ̀ re. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe àmín, ẹ jẹ́ ká lọ wo táyà ẹ̀yìn ná. Ire o.